Ewé Tí Kòkòrò Ń Jẹ Nínú Yìnyín

Kì í ṣe pé ewé náà tutù yọ̀yọ̀ láàárín yìnyín ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé nǹkan kan ń jẹ ẹ́.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, ní Laurelton, ní Queens lókè òkun níbi tí à ń gbé. Ọ̀sán ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ ni. Mo gbé àpò ìdọ̀tí gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, mo sì rí i lẹ́bàá ọgbà pákó tó pààlà ilé wa àti ilé Joanna aládùúgbò wa. Yìnyín ti bo gbogbo ibi tí Màámi máa ń gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sí nígbà ooru, àmọ́ lẹ́bàá pákó yẹn, ó ti yọ́ róbótó, ó fẹ̀ tó ẹnu ìkòkò ńlá. Ewéko kan dúró sí àárín rẹ̀. Kò ga ju orúnkún mi lọ. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó ní ìlà pupa láàárín, etí ọ̀kan sì ti di jíjẹ bí ìgbà tí ọmọdé bá gé búrẹ́dì jẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yí ewé náà padà. Kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀, dúdú, onírun, wọ́n tò tira wọn, wọ́n ń jẹun. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi kì í ṣe àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí pẹ́ mọ̀ pé kòkòrò kì í jẹun nínú irú òtútù yìí. Ẹyin ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa títí pé kí a máa ha ẹyin kòkòrò abìyẹ́ pupa kan kúrò lára igi àti ògiri, ẹyin tó rí bí ẹrẹ̀ gbígbẹ, nítorí pé òtútù á pa ìyá wọn, ẹyin á sì dúró de ìgbà ooru. Àwọn tó wà lábẹ́ ewé yìí kò dúró de nǹkan kan. Mo fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn. Ó gbóná.

Mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà gbóná. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ sókè, erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná mi pupa bíi ti ilé, bẹ́ẹ̀ dúdú ni erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa.

Mo wọlé, mo bọ́ bàtà, mo pe Màámi. "Màámi, kí lẹ gbìn sí ẹ̀bá ọgbà?"

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nídìí tábìlì. Wọn kò gbójú sókè. "Sànmí ló gbìn ín."

 Sànmí ti kú láti oṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Olúsànmí ni àbúrò tó tẹ̀lé mi, òun nìkan ni ọkùnrin nínú àwa mẹ́ta tí Màámi bí. Adébísí ni àbígbẹ̀yìn wa. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa Sànmí lójú ọ̀nà Ìbàdàn, nígbà tí Màámi wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́ abẹ ọkàn. Dókítà ti kìlọ̀ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ já wọn láyà. Adébísí pè mí láti Gbọ̀ngán, ó ń sunkún, ó ní kí ni ká ṣe. Èmi àgbà ni mo pàṣẹ. Mo ní kí wọ́n sin ín kíákíá. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má gbé e sórí Fesibúùkù, kí wọ́n má kọrin, kí wọ́n má sì kọ orúkọ sára sàréè, kí olófòófó kan má baà pe Màámi láti bá wọn kẹ́dùn. Sànmí tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn, wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ògiri, bí ẹni tó jalè.

Bí wọ́n ti ń ṣe nílé náà nìyẹn. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn, a máa ń ní kó gbádùn ná. Ṣùgbọ́n Màámi gbádùn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Mo ní kí ojú ọgbẹ́ jinná ná. Ọgbẹ́ jinná, mo ní kí Kérésìmesì kọjá ná. Kérésìmesì kọjá, mo wá ní ó di ìgbà tí òtútù bá lọ. Mo ti sọ fún wọn pé Sànmí ríṣẹ́ sórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan Adébísí á fi fóònù Sànmí kọ ìkíni ránṣẹ́, èmi á kà á sí Màámi létí. Wọ́n á ní kí n tún un kà. Èmi náà á tún un kà, láìsí ìtìjú.

Èyí tó burú jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọjọ́ ìbí Sànmí pé ní oṣù kọkànlá, Màámi wé gèlè, wọ́n jáde síwájú ìjọ wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ dúpẹ́ lórí ọmọ àwọn ọkùnrin àti iṣẹ́ tuntun tó rí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n bá mi pa ẹnu mọ́. Àlùfáà gbójú sílẹ̀. Àwọn akọrin ń wo ìwé orin tí wọn kò ṣí. Màámi nìkan ló ń jó, ọwọ́ wọn wà lókè, wọ́n ń wo ojú wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọnú rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní Sànmí ló gbin ewé, mo rọra jókòó.

"Sànmí wo, Màámi?"

"Sànmí mélòó ni mo bí?"

"Ó ń wá síbí?"

"Tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé. Ó di ewé yẹn sínú bébà wá, ó ní òun á fi máa mọ ilé."

Mo wá ń fi ohùn tí mo fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ bá ìyá mi sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí kì í dúró kí n rí i?"

Màámi wá gbójú sókè. Ojú wọn mọ́ kedere. "Ó ní ojú ń tì ẹ́ láti rí òun," ni wọ́n sọ, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo tan omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé ọpọlọ wọn ló ti ń dàrú, pé iṣẹ́ abẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ara tún tù mí díẹ̀. Bí ọpọlọ wọn bá ń lọ, kò ní pọn dandan mọ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Irú èrò tó wá sí mi lọ́kàn nípa ìyá tó bí mi nìyẹn.

Ewé náà sì wà níbẹ̀. Yìnyín mìíràn já, ó bo ọkọ̀ mi pátápátá, kò bo ewé yẹn. Mo gbé fóònù jáde sẹ́yìnkùlé. Nǹkan kan wà nínú fóònù mi tó máa ń dárúkọ ewéko téèyàn bá ya fọ́tò rẹ̀. Ó mọ òdòdó tó gbẹ sára ọgbà Joanna. Ó mọ pòròpórò ata Màámi tó ti kú, ó tilẹ̀ mọ koríko tó yọjú láàárín kọnkéré. Mo kọjú rẹ̀ sí ewé yìí, ó ní òun kò rí ewéko kankan nínú àwòrán náà. Mo sún mọ́ ọn. Mo fọwọ́ gbé ewé náà sókè. Ó tún ní òun kò rí nǹkan kan.

Inú bí mi. Mo wọlé, mo po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi nínú ìgò tí wọ́n fi ń fín nǹkan, torí mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa kòkòrò ara ewé. Mo fín ewé náà lókè, mo fín in nísàlẹ̀. Àwọn kòkòrò náà ká jọ, wọ́n já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n já bọ́ sí, erùpẹ̀ pupa náà là díẹ̀, ó sì gbé wọn mì. Mo dúró tí mò ń wò ó, ìgò ọṣẹ ń kán sórí bàtà mi.

"Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?"

Joanna ni. Ará Guyana ni, ó ti fẹ̀yìntì, kò sì sí ewéko ní òpópónà wa tí kò lè dárúkọ. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ọgbà. "Mo rò pé ti ìlú yín ni," ó ní. "Mo bi àbúrò rẹ, ó kàn rẹ́rìn-ín ni."

"Àbúrò mi wo?"

"Ọkùnrin gíga yẹn, tó ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Jọ̀ọ́, sọ fún un kó máa wọ kóòtù. Mo máa ń rí òun àti ìyá rẹ lórí àga nínú òtútù, ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló máa ń wọ̀. Ó ń mú mi rántí ọmọ mi."

Igi máńgòrò ló dá àpá yẹn sí Sànmí lójú nígbà tó wà lọ́mọdé. Èmi ni mo gbé e délé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára aṣọ ilé-ìwé mi.  Mo lanu láti sọ fún Joanna pé àbúrò mi ti kú, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Mo gbọ́, màá sọ fún un." Irọ́ náà ti mọ́ mi lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò tún dúró kí n pè é.

Ní òru ọjọ́ náà, mo fi fọ́tò ewé náà ránṣẹ́ sí Adébísí lórí Wásáàpù. Mo kọ ọ́ pé, "Bísí, ṣé o mọ ewé yìí?" Kò fèsì, ó kúkú pè mí. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tó ń fara pamọ́.

"Àǹtí mi, ta ló ya fọ́tò sàréè Bọ̀dá Sànmí fún yín?"

"Sàréè báwo? Ẹ̀yìnkùlé mi nìyẹn, ní Laurelton níbí."

 Mò ń gbọ́ tí adìẹ ń ké lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ewé tó wà lórí sàréè wọn nìyẹn," ó ní. "Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ìgbà ọyẹ́ ló yọ, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ. Mo fẹ́ fà á tu, ẹ̀rù bà mí. Ẹ dúró, mò ń snap ẹ̀ fún yín báyìí."

Fọ́tò náà wọlé. Ewé náà ni. Ìlà pupa kan náà, ibi tí wọ́n jẹ létí rẹ̀ kan náà, bí ìgbà tí ọmọdé bá gé búrẹ́dì jẹ. Ògiri ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Nídìí ewé náà, lórí ilẹ̀ pupa, nǹkan funfun kan tàn yòò.

"Kí ni funfun ìdí rẹ̀ yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ó máa ń wà níbẹ̀ láràárọ̀. Ó tutù bí ohun tí wọ́n mú jáde nínú fíríìjì. Tí oòrùn bá ràn, á yọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Àǹtí mi, nǹkan mìíràn wà. Ewé náà ń rùn lónìí. Ó ń rùn bí ọṣẹ, irú ọṣẹ tí wọ́n fi ọsàn sí yẹn. Kò sẹ́ni tó ń lo irú ọṣẹ yẹn nílé wa."

Mo wo ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà ìfọbọ́. Àwòrán ọsàn wà lára rẹ̀.

"Please, ẹ sọ fún Màámi," ni Adébísí wí. "A ò sin wọ́n dáadáa, a ò tilẹ̀ kọrin kan ṣoṣo. Bóyá ìdí tí wọn ò fi sùn nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ sọ ọ́, kí gbogbo wa lè sinmi."

Mo ṣe ìlérí fún un. Ìtìjú tí mo ti ń gbé kiri láti oṣù kẹjọ ti wú nínú mi, kò jẹ́ kí n jẹun, kò jẹ́ kí n lè wojú ìyá mi. Nínú ọkàn mi, ọ̀rọ̀ náà ti dáa: bí mo bá sọ òótọ́, Màámi á sunkún, wọ́n á bínú sí mi, wọ́n á dárí jì mí, ohunkóhun tó bá sì ń wá sẹ́yìnkùlé wa á padà síbi tó ti wá. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, mo sì tètè délé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Màámi jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù kan. Kóòtù tí Démi ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sí yunifásítì ni. Òórùn tíì àti ẹ̀wà ń bọ̀ láti kíṣìnì. Nígbà tí wọ́n rí mi, ojú wọn tàn bí mi ò ti rí i láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú yìí.

"O ti dé? O dé lásìkò. Má tíì bọ́ bàtà, nǹkan wà tí mo fẹ́ kí o rí."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀. Bí mo ti kúnlẹ̀ báyìí, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Níkẹ́, dìde."

"Màámi, mo ti parọ́ fún yín."

"Má sọ ọ́." Wọ́n rọra sọ ọ́, ojú wọn wà lọ́nà kíṣìnì. "Mo bẹ̀ ọ́. Ohunkóhun tó bá jẹ́, gbé e mì. Dìde, ká jọ wọlé."

Ìgbà wo ni ìyá mi bẹ̀ mí rí? Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi nìkan ni mò ń rò, mo fẹ́ kí ẹrù náà kúrò lórí mi. Mo di orúnkún wọn mú, mo sì tú u jáde. Mo ní Sànmí ti kú. Mo ní láti oṣù kẹjọ ni, pé ọkọ̀ ló pa á, pé èmi ni mo ní kí wọ́n sin ín níkọ̀kọ̀ láìsí orin, láìsí orúkọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n mí. Bí mo ti dárúkọ ikú, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga kan ha ilẹ̀ ní kíṣìnì. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn òtútù fẹ́ lu ẹ̀yìn mi.

Màámi kò sunkún. Wọ́n ń wo òkè orí mi, wọ́n wò ó títí, bí ìgbà téèyàn ń wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí níkẹyìn.

"Ẹ mọ̀ báwo, Màámi?"

"Láti ìgbà àkọ́kọ́ tó wá ni mo ti mọ̀, nígbà tí ewé ń wọ́ lórí igi. A jọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Èmi ń sọ̀rọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu mi nítorí òtútù. Òun ń sọ̀rọ̀, èéfín ò jáde. Ìyá wo ni kò ní rí ìyẹn? Mo pa ẹnu mi mọ́, òun náà pa tiẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. Ó ní, 'Màámi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túfọ̀ mi fún yín.' Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì sọ ọ́ jáde sí mi létí, òun ṣì lè máa wá jókòó."

 Wọ́n fọwọ́ kan gèlè orí wọn bí ẹni tó rẹ̀.

"Nígbà tí mo jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé o rò pé mi ò rí ojú yín ni? Mo rí gbogbo yín. Ìwọ ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Mo ní ọmọ mi yìí ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Láti ìgbà Kérésìmesì ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ojú ń tì í, má jẹ́ kí ó máa rù báyìí. Ó ní bí o bá lè wo ojú òun láì dárúkọ nǹkan yẹn, òun á jẹ́ kí o rí òun. Òní ló gbà." Wọ́n nawọ́ sí kíṣìnì. "Ó ń dúró dè ọ́ níbẹ̀."

Mo sáré wọ kíṣìnì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu, yìnyín wẹ́wẹ́ ti ń fẹ́ wọlé sórí ilẹ̀. Àga kan ti yí kúrò nídìí tábìlì, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé. Ẹ̀wà wà nínú àwo, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Èéfín ṣì ń ti inú kọ́ọ̀bù tíì dìde. Mo fọwọ́ kan ibi ìjókòó àga náà, ó tutù bí irin. Mo jáde síta láìwọ kóòtù, mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn mi ò sì ròkè. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí yìnyín. Lẹ́bàá ọgbà, ewé náà ti dúdú, ó ti wó lulẹ̀ lórí ara rẹ̀. Erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ dúdú bíi ti gbogbo ẹ̀yìnkùlé, yìnyín sì ti ń bò ó.

Fóònù dún nínú àpò mi. Adébísí ni. Ó kọ ọ́ pé, "Ewé ti rọ. Ilẹ̀ ò tutù mọ́. Ẹ ṣeun, Àǹtí mi."

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, Màámi ti já òwú. Wọ́n ká kóòtù náà sórí itan wọn, wọ́n ń fọwọ́ tẹ́ ẹ. "Kò tíì wọ̀ ọ́ rí," ni wọ́n wí.

A ṣe gbogbo ohun tó yẹ lẹ́yìn náà. Adébísí pe àlùfáà, wọ́n kọrin nídìí sàréè, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn ará ìjọ wá kí wa ní Laurelton, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní ìgboyà ni mo ní tí mo fi sọ òótọ́. Màámi jókòó láàárín wọn bí àlejò. Wọn kò bá mi wí, ní ọjọ́ náà tàbí títí di òní. Wọ́n ń jẹ ohun tí mo bá sè, wọ́n ń dáhùn tí mo bá kí wọn. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Òtútù lọ. Gbogbo kòkòrò padà. Àwọn tí mo ha ẹyin wọn kúrò lára ògiri padà, àwọn wẹ́wẹ́ tó fara pamọ́ sára ewúro inú ike padà, èèrà wọ kíṣìnì. Gbogbo ohun tí mo rò pé òtútù ti pa ló jí, ó ń rìn, ó ń jẹun. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá pákó, màá fi ọwọ́ lásán tú ilẹ̀ níbi tí ewé yẹn ti wà. Ìdin nìkan ni mò ń rí, àti gbòǹgbò koríko.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù karùn-ún, Joanna pè mí láti òdìkejì ọgbà. Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún.

"Àbúrò rẹ ti pẹ́ kò wá," ó ní. "Ṣé àlàáfíà ni?"

Gbogbo ará ìjọ ló ti gbọ́, ṣùgbọ́n Joanna kì í ṣe ìjọ wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì dé etí rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ tó kún fún inú rere. "Ó rìnrìn àjò," ni mo dáhùn.

"Ó dáa. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí o wá bá mi wo nǹkan. Ewé kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi, mi ò gbìn ín, fóònù mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó rẹwà o, ó ní ìlà pupa. Àmọ́ kòkòrò ti ń jẹ etí rẹ̀. Ṣé kí n fín in lóògùn?"

Mo di pákó mú. Bí mo bá na ọrùn díẹ̀, ǹ bá rí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Mi ò na ọrùn. Mi ò fọkàn tán ẹnu mi.

"Má fín in," ni mo sọ. "Má fà á tu."

"O mọ̀ ọ́n, àbí?"

"Rárá, mi ò mọ̀ ọ́n." Mo jọ̀wọ́ pákó náà. "Joanna, tí àbúrò mi bá wá sọ́dọ̀ rẹ, má bi í ní nǹkan kan. Fún un ní tíì. Má sì sọ fún mi pé ó wá."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ń jà ni?"

"A ò jà. Ojú ló ń tì mí."

Nígbà tí mo wọlé, Màámi wà lójú fèrèsé kíṣìnì, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí báyìí. "Kí ni Joanna ń bá ọ sọ?"

"Kòkòrò ni, Màámi. Ó ní kòkòrò ti ń jẹ ewé òun."

Wọ́n wo ọgbà Joanna. Wọ́n wo ọwọ́ mi, tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n sì wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé kóòtù yẹn jáde. Wọ́n ti lọ̀ ọ́. Wọ́n nà án sí mi.

"Gbé e fún Joanna," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. "Ní kó fi kọ́ síbi tí ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé á ti rí i."

Mo gba kóòtù náà lọ́wọ́ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ nǹkan kan.